Oòrùn Páànù Lórí Pèpéle

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí akọni ìta ṣe lè di ojo nínú ilé ara rẹ̀, kó wá wo Alásìíá. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi dúró lórí pèpéle, tó ń na àsíá aláwọ̀ ewé sí awakọ̀ pé ó yá, ẹ máa lọ. Ọmọ ọlọ́mọ ń lọ sójú ogun, ọmọ ọlọ́mọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ìyàwó tuntun ń lọ sílé ọkọ, àwọn ìyá á máa sunkún bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Alásìíá á sì na àsíá rẹ̀ láìṣẹ́jú. Bí ìyá kan bá bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ọkọ̀ dúró díẹ̀ kóun tún rí ojú ọmọ òun, á dáhùn pé, "Ìyá, ọkọ̀ ò gbọ́ ẹkún. Àsíá ló gbọ́."

Ìgbà tó wá kan ọmọ tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé àsíá mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tí ọmọ ò tíì dá ọ̀nà ilé ìwé mọ̀. Alásìíá ló tọ́ ọ nínú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Òun ló ń dirun fún un láàárín ọkọ̀ àárọ̀ àti ọkọ̀ ọ̀sán, kò sì sẹ́ni tó rí irun ọ̀hún tí kò pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ra títí yóò fi kọjá. Ọmọ dàgbà, ó di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà létí ojú irin. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ń pè é ní Ìyá Mi, torí ó ní ojú ìyá tó bí òun gan-an ló gbé wáyé.

Ọkọ̀ ojú irin ti dáwọ́ dúró báyìí. Wọ́n la títì tuntun, èrò bá títì lọ, irin sì ń dá jókòó nínú koríko. Alásìíá ò gbà. Àràárọ̀ ló ń gbá pèpéle, àsíá méjèèjì sì wà lára rẹ̀ níbikíbi tó bá ń lọ: pupa lápò òsì, aláwọ̀ ewé lápò ọ̀tún. Bí àwọn aládùúgbò bá bi í pé, "Alásìíá, ọkọ̀ wo lẹ ń retí?" á ní, "Èyí tó máa gbé ẹ lọ ni, kí etí mi lè sinmi."

Ó tún ní àṣà kan nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, àṣà tó ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Tó bá ti na àsíá, tí ọkọ̀ ti lọ, kì í ká àsíá náà. Á gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù, á jókòó tì í, títí ọ̀gá ibùdókọ̀ kejì á fi pè é pé, "Ó ti dé." Á dáhùn pé, "Mo ti gbọ́." Ìgbà náà ni yóò tó ká àsíá sápò. Ó ní ẹni tó ní kí ọkọ̀ máa lọ kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀ àfi tí ọkọ̀ bá débi tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí nìyí. Tíṣà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù lọ́wọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ bí ìgbà tó wà ní kékeré. Ó ní wọ́n ti mú òun fún iṣẹ́ kan lókè òkun, níbi tí wọ́n to àwo irin ńláńlá sí, àwo tó fẹ̀ tó pápá ilé ẹ̀kọ́, tó kọjú sí ojú ọ̀run. Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí èsì.

"Bàbá mi, tẹ́ ẹ bá ní kí n lọ, màá lọ. Tẹ́ ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró, inú ò sì ní bí mi."

Alásìíá wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. "Mo ti gbọ́," ló sọ.

Gbogbo ohun tó sọ náà nìyẹn. Ó sọ ọ́ ní Túsìdeè, ó tún ọ̀sẹ̀ mìíràn mú, kò fi ọ̀rọ̀ kan lé e. Tíṣà kò sì bi í mọ́, èyí gan-an ló ń jẹ bàbá náà lọ́kàn. Ì bá ṣe pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ì bá rí nǹkan fi ìbínú dáhùn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹ̀rù ló ń bà á. Kò mọ ohun tí àwo lè máa ṣe lójú ọ̀run tó fi yẹ kí ọmọ ẹni ré òkun kọjá nítorí rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí yóò máa bá òun sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, Tíṣà bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àti àwọn òbí wọn ń bọ̀ ní Sátidé, ó sì fẹ́ fi ojú irin kọ́ wọn bí oòrùn àti àwọn plánẹ́ẹ̀tì ṣe jìnnà síra. Wẹ́dà àdúgbò ti bá a gé páànù kan rìbìtì, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè kùn ún yòò. Oòrùn nìyẹn, ó fẹ̀yìn ti ògiri lórí pèpéle bí èrò tó ti sanwó ọkọ̀. Igi mẹ́jọ tún wà, plánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lórí igi tirẹ̀. Mẹ́kúrì kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Ayé wa tòun ti òkè àti òkun rẹ̀ jẹ́ bọ́tìnì ẹ̀wù kan. Júpítà àti Sátọ̀ọ̀nù nìkan ló jọ nǹkan, àwọn tó bọ́ọ̀lù ọmọdé.

"Mítà kan níbí dúró fún mílíọ̀nù kan kìlómítà lókè lọ́hùn-ún," ni Tíṣà wí. "Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye mítà sára igi kọ̀ọ̀kan. Láti ibi Oòrùn ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, Bàbá mi." Ó gba ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Alásìíá mú okùn ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́kúrì wọlẹ̀, pèpéle ò tíì tán. Èyí tó tẹ̀lé e wọlẹ̀, Ayé wọlẹ̀, Máàsì wọlẹ̀, gbogbo wọn ṣù mọ́ inú ọgbà ibùdókọ̀ bí ẹni tó tò sídìí ẹ̀rọ omi. Ó wo igi karùn-ún. Ó wo iye tí wọ́n kọ sí i. Ó gbójú sókè wo irin tó nà tàrà lọ. Júpítà yóò lọ dé ọgbà ilé ẹ̀kọ́, Sátọ̀ọ̀nù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ẹni ìkẹyìn yóò sì lọ bá òpó àmì ojú irin tó kẹ́yìn, níbi tí àṣẹ ọ̀gá ibùdókọ̀ pin sí. Mẹ́rin lójú kan, mẹ́rin káàkiri inú koríko! Irú ètò wo nìyí?

Kẹ́ ẹ sì tó dá a lẹ́bi, ẹ rántí pé òfin kan wà lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin tó ju gbogbo òfin lọ. Wọ́n pín ojú irin sí abala abala, ọkọ̀ méjì kì í sì í wà nínú abala kan náà. Ọ̀gá ibùdókọ̀ tó bá gbàgbé èyí, òkú ni yóò máa kà. Alásìíá tó sùn tó jí pẹ̀lú òfin yìí wo plánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin nínú abala kan, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ní ọmọ òun ti ṣìṣirò. Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀, ta ló sì fà á? Òun bàbá tí kò fèsì ni. Ṣé òun á wá jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun rẹ́rìn-ín lójú àwọn òbí? Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ó fa igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu, ó fi aṣọ nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lára gbogbo wọn, ó sì tún plánẹ́ẹ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbìn lọ́gbọọgba, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú abala tirẹ̀. Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ní Sátidé, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀, èrò pé. Tíṣà fi Oòrùn páànù hàn wọ́n, ó ní Mẹ́kúrì ló tẹ̀lé e, kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n rìn dé ìdajì pèpéle, kò sí Mẹ́kúrì. Wọ́n rìn tán lórí pèpéle. Wọ́n rìn, wọ́n rìn, títí tí wọ́n fi kan igi kan tó dúró gbọin lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àmì àkọ́kọ́. Tíṣà wo igi náà, ó wo iwájú, ó rí igi kejì lókèèrè, ó sì yíjú padà.

"Bàbá mi."

"Ìyá Mi."

"Ta ló tún ọ̀run tò?"

Ẹ̀rín sọ. Wẹ́dà ló rẹ́rìn-ín jù, ó ní, "Ẹ ò rí i, wọ́n ti fún ọ̀run ní ibùdókọ̀! Tó bá ku díẹ̀ wọ́n á máa já tíkẹ́ẹ̀tì!" Ojú ti Alásìíá débi pé etí rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń sá. Ó ṣàlàyé òfin ojú irin fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní òun ò lè jókòó kí òun máa wo mẹ́rin nínú abala kan.

Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu, ejìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó rí ẹnu fi sọ̀rọ̀, ó ní, "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra, Bàbá mi. Àwọn wọ̀nyí kì í lọ kí wọ́n bọ̀ lórí ìlà kan. Ńṣe ni wọ́n ń yí oòrùn po, kálukú lójú ọ̀nà tirẹ̀."

"Wọn ò kọlu ara wọn rí?"

"Kí ojú irin tó dáyé ni wọ́n ti ń lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó kọlu ìkejì."

Alásìíá ronú sí i. "Ẹni tó ń darí wọn mọṣẹ́," ló wí.

"Òfo tẹ́ ẹ rí láàárín wọn, tẹ́ ẹ rò pé àṣìṣe ni, òun gan-an ni mo fẹ́ káwọn ọmọ rí." Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáré lọ fa gbogbo igi tu, kí wọ́n kó plánẹ́ẹ̀tì padà sọ́dọ̀ Oòrùn, òun ti há iye mítà gbogbo wọn sórí. Bàbá rẹ̀ ló fún ní okùn ìwọ̀n pé kó mú iwájú, níṣojú gbogbo èèyàn. Ó tún àpọ́nlé rẹ̀ ṣe fún un láìdárúkọ rẹ̀, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sì panu mọ́.

Ìrìn kejì yìí ló wá di ìrìn. Tíṣà ní kò sóhun tó yára tó ìmọ́lẹ̀ láyé àti lọ́run, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n tí àwọn fi dín ọ̀run kù yìí, bó ṣe ń rìn nìyí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú ẹsẹ̀ kejì, gìgísẹ̀ èyí kan ìka ẹsẹ̀ ìyẹn, ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tún gbé òmíràn. Àwọn ọmọ pariwo pé ìjàpá yára jù ú lọ. Ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun bẹ́ẹ̀ láti ara Oòrùn. Ẹ wá wo àgbàlagbà tó ń rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹsẹ̀, Alásìíá níwájú, wẹ́dà lẹ́yìn, gbogbo ọgbà ń kún hùn-ún. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ibi Ayé, ìdí ti ń ro wọ́n.

"Ìmọ́lẹ̀ tó wà lára yín báyìí," ni Tíṣà wí, "ìgbà tẹ́ ẹ ń gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ló kúrò lọ́dọ̀ oòrùn. Kò sì dúró níbì kankan lọ́nà."

Alásìíá wo apá rẹ̀ níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bà lé. Ó ti ń ta á lára láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sì fìgbà kankan rò ó pé ibì kan ló ti ń bọ̀. Ó rọra sọ sí i lábẹ́ ahọ́n pé, "Ẹ kú ìrìn o."

Tíṣà wá mú gíláàsì dúdú jáde, èyí tó dúdú jù nínú èyí tí wẹ́dà fi ń ṣọ́ ojú rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wojú oòrùn láìsí i. Ó ní kí bàbá òun kọ́kọ́ wò. Alásìíá wo oòrùn gidi nínú gíláàsì: ó rí i, ó rí rìbìtì, ó kéré. "Ẹ wá gbé e kúrò lójú, kẹ́ ẹ wo ti orí pèpéle," ni Tíṣà wí.

Ó wo páànù. Ó tún gbé gíláàsì sójú wo òkè. Ó tún wo páànù. Bákan náà ni wọ́n tóbi. Èyí tí wẹ́dà gé àti èyí tó ń ràn lókè, èékánná ọmọńdinrín ọwọ́ rẹ̀ bo èyí, ó sì bo tọ̀hún. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀: ibi tí Ayé wà sí oòrùn gan-an ló dúró sí, bí oòrùn sì ṣe rí láti Ayé ló ń rí i. Ó yíjú sí bọ́tìnì kékeré tó wà lórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Mi, gbogbo ẹni tí mo na àsíá sí rí, orí bọ́tìnì yìí ni wọ́n wà?"

"Orí ẹ̀ ni, Bàbá mi."

"Gbogbo ibi tí ọkọ̀ gbé wọn lọ?"

"Orí ẹ̀ náà ni."

"Ìyá ẹ ńkọ́?"

Tíṣà sún mọ́ ọn. "Àwọn náà, Bàbá mi. Kò sẹ́ni tó kúrò lórí ẹ̀ rí, àfi àwọn díẹ̀ tó dé òṣùpá tí wọ́n sì padà wálé." Ó fi òṣùpá hàn án, kò ju orí ìṣáná lọ, ó so mọ́ igi Ayé pẹ̀lú wáyà tí kò gùn ju apá lọ láti ìgúnpá dé ìka. Ibi tó jìnnà jù tí ẹsẹ̀ èèyàn tẹ̀ rí nìyẹn. Alásìíá ṣí fìlà lórí, ó dì í mú láyà, kò mọ̀ pé òun ṣí i. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n gbin Máàsì. Lẹ́yìn rẹ̀ òfo bẹ̀rẹ̀. Níbi tí títì ti dábùú ojú irin, Alásìíá na àsíá pupa, àwọn alùpùpù dúró bí ọmọ ilé ìwé, àwọn ọmọ sì ru Júpítà kọjá. Wọ́n gbìn ín lẹ́bàá ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ìdá kan èrò sì yà sílé níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa dé Sátọ̀ọ̀nù, ebi ti mú àwọn ọmọ, wẹ́dà gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ kọ́rùn, ó ní òun ti rí ọ̀run tó, òun ń lọ jẹun. Yúránọ́ọ̀sì ló kó ìyókù lọ. Ẹni méjì péré ló ku láti gbé Nẹ́putúùnù dé ibi tirẹ̀.

Bàbá àti ọmọ ń rìn láàárín irin méjì, koríko dé wọn lórúnkún. Plánẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ Tíṣà, ó tó ẹyin adìyẹ, ó ní àwọ̀ aró. Alásìíá ń retí pé yóò béèrè. Kò béèrè. Ọ̀túnla ni Mọ́ńdè, gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ló ń rán an létí.

Wọ́n dé ìdí òpó àmì tó kẹ́yìn, wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Alásìíá bojú wẹ̀yìn, kò rí Oòrùn, kò rí pèpéle, kò tilẹ̀ rí òrùlé ibùdókọ̀.

"Tẹ́ ẹ bá dúró lórí ẹni yìí," ni Tíṣà wí, "oòrùn wa ò ju ìràwọ̀ kan lọ, ìràwọ̀ tó kàn mọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ ni. Torí oòrùn ni ìràwọ̀, Bàbá mi. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ̀ ń rí lálẹ́, oòrùn ni wọ́n."

"Èwo ló wá tẹ̀lé tiwa?"

"Ẹ máa tẹ̀lé irin yìí lọ títí á fi tán. Kẹ́ ẹ ré òkun kọjá, kẹ́ ẹ ré aṣálẹ̀ kọjá, kẹ́ ẹ tún ré òkun mìíràn. Kẹ́ ẹ rìn yí gbogbo ayé po, títí ẹ ó fi yọ lẹ́yìn ibùdókọ̀ wa. Ibẹ̀ ni èyí tó sún mọ́ wa jù wà."

Alásìíá jókòó sórí irin.

"Mo ṣebí o ní o ti dín in kù."

"Mo ti dín in kù, Bàbá mi."

Atẹ́gùn fẹ́ kọjá lórí koríko. Bàbá náà wo iwájú níbi tí irin ti dà bí ẹni pé ó pàdé ara rẹ̀, ibi tí kì í ti í mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ mọ́ láyé iṣẹ́ rẹ̀, àfi kí tẹlifóònù dún. "Nínú gbogbo òfo yìí," ló wí, "kò sí nǹkan kan?"

"Ọkọ̀ kan wà ńbẹ̀."

"Ọkọ̀?"

"Wọ́n rán an lọ kí wọ́n tó bí mi. Kò sí èèyàn nínú ẹ̀. Ó kọjá lára Júpítà, ó kọjá lára Sátọ̀ọ̀nù, ó ń ya àwòrán wọn ránṣẹ́ sílé, kò sì dúró. Ó ti kọjá ibi tá a wà yìí tipẹ́."

"Níbo ló wá dé báyìí?"

Tíṣà nawọ́ sí ọ̀nà tí irin gbà lọ. "Ní ìwọ̀n tiwa yìí, kò ní jìnnà sí ibùdókọ̀ kejì."

Alásìíá yíjú sí i kíákíá. Ibùdókọ̀ kejì! Òun ló mọ ibẹ̀. Òun ló jókòó ti tẹlifóònù, tó ń retí ìpè ibẹ̀, láti ìgbà èwe dọjọ́ ogbó. "Ó ń pè?"

"Ó ṣì ń pè. Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, gílóòbù inú yàrá wa lágbára jù ú lọ. Tó bá sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, ó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ká tó gbọ́. Ọ̀nà jìn."

"Ta ló ń gbọ́ ọ?"

"Àwọn tó ní kí n wá, Bàbá mi. Nítorí ẹ̀ ni àwo yẹn ṣe fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa wà nídìí ẹ̀ tọ̀sán tòru, kó má lọ jẹ́ pé ó ń pè kó má sẹ́ni tó dáhùn."

Alásìíá ò gbójú kúrò lára rẹ̀. Ohun tó ti há sí i láyà láti ọjọ́ Túsìdeè yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tú. "O ní àwo," ló wí. "Àwo, àwo, lo ń sọ fún mi. O ò sọ pé tẹlifóònù ni wọ́n fẹ́ kó o wá jókòó tì. O ò sọ pé ọkọ̀ kan wà lọ́nà tí wọn ò tíì gbúròó pé ó dé."

"Mo rò pé ẹ̀ ń bínú ni."

"Iṣẹ́ mi ni wọ́n gbé fún ẹ, Ìyá Mi."

"Iṣẹ́ yín ni. Ọwọ́ yín ni mo sì ti kọ́ ọ."

Oòrùn ti wọ̀. Níbi tó gbà lọ, ìràwọ̀ kan yọ, ó mọ́ kedere. Àgùàlà ni. Gbogbo èèyàn ń sọ pé ajá òṣùpá ni, torí wọ́n ń rí i tó ń bá a rìn, Alásìíá náà sì ti sọ ọ́ rí. Lọ́sàn-án yìí ló mọ̀ pé plánẹ́ẹ̀tì ni, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín sáàárín Mẹ́kúrì àti Ayé. Ó wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kún débi pé ó ń dùn ún.

"Bàbá mi," ni Tíṣà wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Kí ni kí n sọ fún wọn ní Mọ́ńdè?"

Bàbá náà dìde. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ irin níbi tó yẹ kí ọ̀gá ibùdókọ̀ dúró sí, ó dé fìlà rẹ̀ dáadáa, ó de bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún. Àsíá náà há díẹ̀ kó tó jáde. Ó tú u, ó nà án sókè.

Ọmọ ojú irin ni Tíṣà. Ó mọ̀ pé tí àsíá bá ti gòkè, ọkọ̀ kì í dúró bèèrè. Ó ti ń sunkún, ó gbẹ́sẹ̀, ó kọjá lára Nẹ́putúùnù, ó sì ń lọ síwájú lórí ojú irin náà láìwẹ̀yìn. Omi ń dà lójú Alásìíá náà, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ó ń rí ọmọ rẹ̀ dáadáa. Kò sọ àsíá náà kalẹ̀ títí Tíṣà fi rìn jìnnà tó sì padà wá bá a.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni Tíṣà lọ. Ní ọjọ́ tó wọkọ̀ òfurufú, Alásìíá gbé àsíá aláwọ̀ ewé kọ́ ẹ̀yìn àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀ gbayawu. Wẹ́dà wá kí i lọ́jọ́ kejì, ó rí i, ó ní, "Alásìíá, ẹ ò wá ká nǹkan yìí kúrò lórí àga kéèyàn ráyè jókòó?"

"Wá ibòmíì jókòó. Ọkọ̀ ò tíì dé."

Ó ń gbá pèpéle lọ́wọ́, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ Oòrùn páànù kọjá, nígbà tí fóònù dún. Ìgbálẹ̀ já bọ́. Ó sáré, ó gbé e sétí, kò sì sí ohùn kankan lákọ̀ọ́kọ́, àfi ariwo wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ti atẹ́gùn. Ó dúró. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

"Bàbá mi," ni ohùn kan wí láti ọ̀nà jíjìn. "Mo ti dé o."

"Mo ti gbọ́," ni Alásìíá dáhùn.

Ó ká àsíá náà sí mẹ́rin, ó fi í sápò ọ̀tún, ó sì jáde lọ gbá èyí tó kù nínú pèpéle.